Òòfà àti Ìtẹ̀: Àwọn Ìbéèrè tí ó Wọ́pọ̀ nípa Tíọ́rì Einstein, àti Ìdáhùn Wọn láti Etí Òkun Àgbádárìgì

1. Ìfáàrà

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí nípa ọmọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nípa ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì: orúkọ tí a bá sọ nǹkan ni yóò máa darí èrò ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá. Láti ìgbà náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa jiyàn pé èdè wa kò lè gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù ni pé kí a máa yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí i bóyá ohun tí wọ́n ń sọ bá ohun tí ìmọ̀ ti fi hàn mu.

Ọ̀rọ̀ kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, òun náà ni òòfà ilẹ̀. A ó gbé e ka orí àwọn ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bi olùkọ́ nípa tíọ́rì tí Albert Einstein parí ní oṣù kọkànlá ọdún 1915, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní general relativity. Etí òkun Àgbádárìgì ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a ó ti mú ọ̀pọ̀ nínú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé ohun méjì tí àlàyé náà nílò kò wọ́n níbẹ̀: àgbọn tí ń já bọ́, àti òkun tí ń kún tí ó sì ń fà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé ohun méjèèjì yìí. Bí a kò bá fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ní láti kọ́kọ́ gbàgbé ohun tí a kọ́ ọ kí ó tó lè kọ́ èyí tí ó kù.

2. Kí ni òòfà ilẹ̀ ń sọ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ?

Òòfà ni ohun tí ń fa nǹkan mọ́ra. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe náà, fà, ni ó ti jáde. Nígbà tí a bá sọ pé òòfà ilẹ̀ ni ó mú kí àgbọn bọ́ sílẹ̀, ohun mẹ́ta ni a ti fi sí ọkàn ẹni tí ń gbọ́.

Èkíní ni irin òòfà. Irin òòfà a máa ṣa ohun tí yóò fà: a fa ìṣó, ṣùgbọ́n kì í fa igi tàbí omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ òòfà ilẹ̀ lè rò pé irin òòfà ńlá kan ni ó wà nínú ilẹ̀ tí ń fa àgbọn. Lóòótọ́ ni ayé ní òòfà irin tirẹ̀, èyí tí ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Òòfà tí ó mú àgbọn kì í ṣa ohun kan sílẹ̀ kí ó mú òmíràn.

Èkejì ni ilẹ̀. Ní ọdún 1687 ni Isaac Newton tẹ ìwé tí ó fi hàn pé ohun tí ń mú nǹkan bọ́ sílẹ̀ náà ni ó ń mú òṣùpá yí ayé po, tí ó sì ń mú ayé yí oòrùn po. Òfin rẹ̀ ni pé ohun gbogbo ń fa ohun gbogbo. Bí àárín wọn bá jìn ní ìlọ́po méjì, òòfà náà yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Òòfà oòrùn kì í ṣe òòfà ilẹ̀. Nítorí náà a dábàá pé kí a máa lo òòfà àgbáyé fún òfin Newton lápapọ̀, kí òòfà ilẹ̀ jẹ́ ti ayé wa nìkan, kí irin òòfà sì dúró ní àyè tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni fífà fúnra rẹ̀. Ta ní ń fà? Kí ni ó fi ń fà? Newton kò sọ pé òun mọ ohun tí ó wà láàrin oòrùn àti ayé tí ọ̀kan fi ń fa èkejì. Ìṣirò bí òòfà ṣe pọ̀ tó ni ó fi lé wa lọ́wọ́. Ìbéèrè kẹta yìí ni Einstein mú, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ wa gbé le.

3. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí omi inú àgbọn tí ń já bọ́?

Igi àgbọn tí ó ga tó mítà 20 kì í ṣe ohun àjèjì ní etí òkun Àgbádárìgì. Àgbọn tí ó bá já láti orí irú igi bẹ́ẹ̀ yóò kanlẹ̀ láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, eré rẹ̀ yóò sì ti tó nǹkan bí kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Ilẹ̀ ni ó fà á, gẹ́gẹ́ bí Newton ti wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè nípa omi tí ó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí àgbọn wà lórí igi, ìsàlẹ̀ ni omi rẹ̀ wà, ó sì ń tẹ ìdí èèpo. Nígbà tí àgbọn bá já, èèpo àti omi jùmọ̀ ń bọ̀ ni. Bí èèpo ti ń yára ni omi ń yára. Bí a bá yọ ìwọ̀nba ìdènà tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún èèpo kúrò, omi náà kò tẹ ìdí èèpo mọ́. Bí kòkòrò kan bá wà nínú àgbọn náà tí ó sì ní òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n rẹ̀ yóò sọ fún un pé omi kò wúwo rárá. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá méjì yẹn, ìwúwo ti pòórá.

Ní ọdún 1907, nígbà tí Einstein ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ní ìlú Bern, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, irú èrò yìí ni ó sọ sí i lọ́kàn: ẹni tí ń já bọ́ kò ní mọ ìwúwo ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun gbogbo ń já bọ́ bákan náà, ìbáà wúwo, ìbáà fúyẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971, David Scott ju òòlù àti ìyẹ́ kan sílẹ̀ pa pọ̀ lórí òṣùpá, àwọn méjèèjì sì kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irin òòfà kò lè ṣe irú rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn tí ó wọ́pọ̀ wà níhìn-ín: èéṣe tí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ òfurufú tí ń yí ayé po fi ń léfòó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé òòfà ilẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní gíga kìlómítà 400, nǹkan bí ìdá 9 nínú 10 òòfà tí ó wà ní ilẹ̀ ni ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń léfòó nítorí pé wọ́n ń já bọ́, àwọn àti ọkọ̀ wọn, bí omi àti èèpo àgbọn. Ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ń sá sí iwájú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ wọn bí wọ́n ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni NigeriaSat-1, tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ṣe wà lókè.

Ní ibí ni ó ti yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ìwọ̀n-ohun ni iye ohun tí ó wà nínú àgbọn. Kì í yí padà, ìbáà wà lórí igi, ìbáà wà lórí òṣùpá. Ìwúwo ni bí ó ṣe ń tẹ ohun tí ó dá a dúró; lórí òṣùpá, yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà, bí ó bá sì ń já bọ́, kò sí mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ a lè da méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé sáyẹ́ǹsì kò yẹ.

4. Bí òòfà bá lè pòórá, kí ni ó kù?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣe kókó jù lọ, òkun Àgbádárìgì sì ń dá a lóhùn ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Àwọn apẹja mọ̀ pé òkun a máa kún, a sì máa fà. Pé láti ìgbà tí ó bá kún dé ìgbà tí yóò tún kún tó nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Àti pé ó máa ń kún jù ní ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tí òṣùpá bá kún rẹ́rẹ́. Òṣùpá ni ó ni iṣẹ́ náà, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ronú dáadáa yóò béèrè ìbéèrè méjì. Ọ̀kan: bí ó bá jẹ́ pé òṣùpá ni ó ń fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, èéṣe tí òkun fi ń kún ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni òṣùpá ń kọjá lókè orí wa? Èkejì: òòfà oòrùn lórí ayé ju ti òṣùpá lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 170, èéṣe tí iṣẹ́ oòrùn lórí òkun kò fi tó ìdajì ti òṣùpá?

Ìdáhùn kan ni ó kárí méjèèjì. Ayé náà dà bí àgbọn tí ń já bọ́. Ó ń já bọ́ sí ọ̀nà òṣùpá àti oòrùn nígbà gbogbo, omi òkun sì ń já bọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà fífà lápapọ̀ ti pòórá, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú àgbọn. Ohun tí kò pòórá ni ìyàtọ̀. Omi tí ó wà ní ìhà òṣùpá ń já bọ́ yára díẹ̀ ju àárín ayé lọ, nítorí pé ó súnmọ́ òṣùpá. Omi tí ó wà ní òdìkejì ń já bọ́ lọ́ra díẹ̀, ó sì ń kù sẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń wú ní ìhà méjèèjì, tí ẹni tí ó dúró ní etí òkun sì ń rí ìkún méjì bí ayé ti ń yí. Òṣùpá wà ní nǹkan bí kìlómítà 384,000 sí wa, oòrùn wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 150. Nítorí pé oòrùn jìnnà púpọ̀, òòfà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìhà méjèèjì ayé, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì kéré.

Ohun tí ìkún àti ìfà òkun ń wọ̀n, nígbà náà, kì í ṣe òòfà. Ó ń wọ̀n bí òòfà ṣe ń yàtọ̀ láti ibì kan dé òmíràn. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹni tí ń já bọ́ kò lè sá fún. Òun ni Einstein mú gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó wà ní tòótọ́, a kò sì ní orúkọ fún un nínú òòfà.

5. Kí ni ìtẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ro ti arìnrìn-àjò méjì. Ọ̀kan gbéra ní Àgbádárìgì, èkejì gbéra ní Èkó, tí ó jìnnà sí i ní nǹkan bí kìlómítà 57. Àwọn méjèèjì kọjú sí àríwá gangan, kò sí èyí tí ó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nígbà tí wọn yóò bá fi dé ibi tí ìlà ayé jẹ́ dìgírì 60 ní àríwá, àlàfo àárín wọn yóò ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Bí wọ́n bá sì dé orí ayé ní ìpẹ̀kun àríwá, wọn yóò forí gbárí. Ẹni tí ó rò pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ yóò sọ pé wọ́n ń fa ara wọn mọ́ra. Ẹni tí ó mọ̀ pé ilẹ̀ ayé tẹ̀ yóò sọ pé kò sí ẹni tí ó fa ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ ni ó tẹ̀.

Báyìí ni Einstein ṣe wí nípa àgbọn, òṣùpá àti ayé. Àyè tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀ àti àkókò tí ohun gbogbo ń kọjá nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ni wọ́n, a ó sì pè é ní àyè-òun-àkókò. Níbi tí ìwọ̀n-ohun bá wà, àyè-òun-àkókò a máa tẹ̀. Ohun tí kò sí ẹni tí ó dí i lọ́wọ́ ń rìn ní ọ̀nà tí ó tọ́ jù lọ nínú àyè-òun-àkókò tí ó ti tẹ̀. Àwa tí a ń wò ó ni a ń pe ìrìn náà ní jíjábọ́ tàbí yíyípo.

Ìtẹ̀ ni a dábàá fún ohun yìí. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe náà, tẹ̀, ti ń ṣe iṣẹ́ méjì ní èdè wa kí Einstein tó dé: a ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, igi sì ń tẹ̀. Ohun wúwo tẹ àyè, àyè sì tẹ̀. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ pé lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, kí a má bàa ṣì í kà sí ìtẹ́, ibùgbé ẹyẹ tàbí àga ọba.

Àwọn olùkọ́ kan a máa na aṣọ, wọn a gbé òkúta lé e, wọn a sì yí ọta sí i kí ó lè yí òkúta náà po. Àpẹẹrẹ náà dára láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ ni pé òòfà ilẹ̀ ni ó ń fa òkúta inú aṣọ náà sílẹ̀: a tún ti fi òòfà ṣe àlàyé òòfà. Àyè kò ní ìsàlẹ̀ kankan tí ó ń tẹ̀ sí. Àpẹẹrẹ arìnrìn-àjò méjì sàn jù.

6. Bí àgbọn bá dúró jẹ́ẹ́ lórí igi, báwo ni ìtẹ̀ ṣe mú un bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́?

Ẹni tí ó béèrè èyí ti ronú jinlẹ̀. Arìnrìn-àjò wa ń rìn. Àgbọn kò rìn. Ìdáhùn ni pé kò sí ohun tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú àyè-òun-àkókò, nítorí pé ohun tí kò rìn nínú àyè ń rìn nínú àkókò. Níbi tí ìwọ̀n-ohun wà, àkókò pẹ̀lú a máa tẹ̀: aago tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ń lọ́ra ju aago tí ó wà lókè lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń darí ìrìn àgbọn sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ bá já.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí. Ní ọdún 1960, Robert Pound àti Glen Rebka wọ̀n ọ́n ní Yunifásítì Harvard nínú ilé-ìṣọ́ kan tí gíga tí wọ́n lò níbẹ̀ jẹ́ mítà 22.5, èyí tí kò ju ti igi àgbọn gíga kan lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí aago òkè yóò fi lo nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 13 kí ó tó fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣíwájú ti ìsàlẹ̀.

Ohun tí ó kéré báyìí kan ẹni tí ń gbé létí òkun. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ ibi tí ó wà ń yí ayé po ní gíga nǹkan bí kìlómítà 20,200. Nítorí gíga yìí, aago wọn ń fi ìdá 45 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yára ju tiwa lọ lójúmọ́. Nítorí eré tí wọ́n ń sá, wọ́n ń pàdánù ìdá 7. Èrè tí ó kù jẹ́ 38. Láàrin àkókò kékeré yẹn, ìmọ́lẹ̀ ti rìn ju kìlómítà 11 lọ. Bí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò bá ti fi ìṣirò Einstein tún aago ọ̀hún ṣe ṣáájú, àṣìṣe irú ìyẹn ni yóò máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Láàrin ọjọ́ méjì, yóò ti ju ọ̀nà tí ó wà láti Àgbádárìgì dé ẹnubodè Seme lọ.

7. Ìmọ́lẹ̀ kò wúwo. Báwo ni òòfà ṣe lè mú un?

Bí a bá fi òòfà nìkan dáhùn, ọ̀rọ̀ yóò dàrú. Bí a bá fi ìtẹ̀ dáhùn, ó rọrùn: ìmọ́lẹ̀ ń tọ ọ̀nà tí ó wà, bí ọ̀nà náà bá sì tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò tẹ̀. Ìwọ̀n tí yóò fi tẹ̀ ni a fi dán àwọn tíọ́rì méjèèjì wò. Bí a bá pín dìgírì kan sí ọ̀nà 3,600, a ó pe ìdá kan nínú rẹ̀ ní àáyá-igun. Bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bá kọjá ní ẹ̀gbẹ́ oòrùn gan-an, ìṣirò tí a gbé ka òfin Newton, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ọta tí ń já bọ́, yóò fún wa ní 0.87, ìṣirò Einstein fún wa ní 1.75, nítorí pé àyè àti àkókò ni ó jùmọ̀ tẹ̀. Àáyá-igun 1.75 kò ju bí àgbọn kan tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 ṣe máa rí lójú ẹni tí ó wò ó láti kìlómítà 24.

Ìràwọ̀ kì í hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn ní ọ̀sán, àfi nígbà ìbòjú oòrùn, èyíinì ni ìgbà tí òṣùpá bá bo ojú oòrùn pátápátá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ gba orí òkun wa kọjá. Arthur Eddington àti Edwin Cottingham lọ dúró dè é ní erékùṣù Príncipe, tí ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn sí Àgbádárìgì, tí kò sì tó kìlómítà 800 sí i. Àwọn méjì mìíràn, Andrew Crommelin àti Charles Davidson, lọ sí Sobral ní Brazil. Òjò rọ̀ ní Príncipe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu sì ṣú bojú oòrùn. Láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún òkùnkùn yẹn, Eddington ya fọ́tò 16, ṣùgbọ́n méjì péré ni ó fi ìràwọ̀ tí ó tó hàn. Ó fi wọ́n wé fọ́tò àwọn ìràwọ̀ kan náà tí a ti yà lóru nígbà tí oòrùn kò sí láàrin wọn, ó sì rí 1.61, tí ó lè fi 0.30 lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ti Sobral jẹ́ 1.98, tí ó lè fi 0.12 lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún náà ni a kéde rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé ti Einstein ni ó bá a mu.

Ọ̀pọ̀ ni ó jiyàn pé fọ́tò méjì kò tó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń tún un wọ̀n. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1973, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Texas lọ sí Chinguetti ní orílẹ̀-èdè Mauritania, láàrin eruku aṣálẹ̀, wọ́n sì rí ohun tí kò yàtọ̀ sí ti Einstein ju nǹkan bí ìdá kan nínú 10 lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì rédíò láti ojú sánmà ti mú kí ìwọ̀n náà péye ju ti fọ́tò lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ará Accra àti Lomé rí irú òkùnkùn ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006. Ní Àgbádárìgì, apá kan oòrùn ṣì hàn.

8. Ṣé irọ́ ni Newton pa?

Rárá o. Níbi tí ìtẹ̀ bá kéré, tí eré kò sì súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀, ìdáhùn àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ìṣirò Newton ni a fi ń sọ ìgbà tí òkun yóò kún ní èbúté Èkó. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ibi tí ìtẹ̀ bá pọ̀. Ní ọdún 1859, Urbain Le Verrier ṣe àkíyèsí pé ọ̀nà tí Mercury, tí ó súnmọ́ oòrùn jù lọ nínú àwọn plánẹ́ẹ̀tì, fi ń yípo kò bá òfin Newton mu tán. Àṣẹ́kù náà jẹ́ àáyá-igun 43 ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Iye yìí gan-an ni ìṣirò Einstein fún un ní ọdún 1915.

9. Bí oòrùn bá di ihò dúdú, ṣé yóò gbé ayé mì?

Ihò dúdú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí ìtẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò fi lè jáde nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń mú ènìyàn ro ihò tí ń fa ohun gbogbo wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá lè fún oòrùn pọ̀ títí ìdajì ìbú rẹ̀ yóò fi jẹ́ kìlómítà 3, yóò di irú ohun yìí, ayé yóò sì máa yí i po bí ó ti ń ṣe, nítorí pé ìwọ̀n-ohun rẹ̀ kò yí padà. Òkùnkùn àti òtútù ni yóò pa wá. Kò ní gbé wa mì.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì nípa rẹ̀ ni ààlà tí ó yí i ká, tí ohun tí ó bá kọjá rẹ̀ kò lè padà. Ààlà àìpadà ni a dábàá fún un. Ní erékùṣù Gbẹrẹfù, ní òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, ibi kan wà tí a ti ń kó àwọn ẹrú kọjá sínú ọkọ̀ òkun, tí wọn kì í sì í padà. Ẹni tí ó mọ ìtàn ibẹ̀ kò nílò kí a tún ṣe àlàyé ohun tí àìpadà túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2019 ni a kọ́kọ́ fi àwòrán òjìji irú ohun bẹ́ẹ̀ hàn aráyé, èyí tí ó wà ní àárín àgbájọ ìràwọ̀ M87, tí ìwọ̀n-ohun rẹ̀ tó ìlọ́po bílíọ̀nù 6.5 ti oòrùn.

10. Báwo ni ìròyìn ìtẹ̀ ṣe ń yára tó?

Bí oòrùn bá pòórá lójijì, ṣé lójú ẹsẹ̀ ni ayé yóò mọ̀? Nínú òfin Newton, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ti Einstein, yóò gba ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gba ìmọ́lẹ̀. Ìyípadà nínú ìtẹ̀ ń rìn bí ìgbì òkun. Nítorí náà a ó pè é ní ìgbì ìtẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan, láti ibi tí ihò dúdú méjì ti wọnú ara wọn. Apá ẹ̀rọ náà gùn ní kìlómítà 4, ṣùgbọ́n ìyípadà tí ìgbì náà mú bá gígùn yìí kéré lọ́pọ̀lọpọ̀ ju ìbú prótọ́ọ̀nù kan lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìgbì ìtẹ̀ àti ìtànṣán láti ibi kan náà dé ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn ìrìn-àjò tí ó lé ní mílíọ̀nù ọdún 100. Ìyàtọ̀ àkókò wọn kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

11. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Irin òòfà: èyí tí ń fa irin.
Òòfà ilẹ̀: bí ayé ṣe ń fa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀.
Òòfà àgbáyé: bí ohun gbogbo ṣe ń fa ohun gbogbo, gẹ́gẹ́ bí òfin Newton.
Ìwọ̀n-ohun: iye ohun tí ó wà nínú nǹkan.
Ìwúwo: bí nǹkan ṣe ń tẹ ohun tí ó dá a dúró.
Àyè-òun-àkókò: àyè àti àkókò, nígbà tí a bá kà wọ́n sí ọ̀kan.
Ìtẹ̀: bí àyè-òun-àkókò ṣe yà kúrò ní títẹ́ pẹrẹsẹ nítorí ìwọ̀n-ohun.
Ìgbì ìtẹ̀: ìyípadà nínú ìtẹ̀ tí ń rìn bí ìgbì.
Ìbòjú oòrùn: kí òṣùpá bo ojú oòrùn.
Àáyá-igun: ìdá kan nínú 3,600 dìgírì kan.
Ààlà àìpadà: ààlà ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè rékọjá sẹ́yìn.

12. Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí a pa òòfà tì. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wọ ẹnu ọmọdé àti àgbà kò ṣeé gbà lẹ́nu wọn, kò sì sí ìdí tí a ó fi gbà á. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa lo òòfà ilẹ̀ fún àgbọn tí ń já bọ́, kí ó sì ya irin òòfà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama mú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dé òòfà àgbáyé, kí ó sì fi ìkún àti ìfà òkun hàn án pé ìyàtọ̀ kan wà tí jíjábọ́ kò lè pa rẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí ìyẹn ti rí ìtẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé yunifásítì, orúkọ nìkan ni yóò kù láti kọ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju àwọn tí a kọ sókè yìí lọ, kí wọ́n mú un wá kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.